Bí wọ́n bá yí rọ́nwéè padà n'Íkẹjà: ohun tójú awakọ̀ bàálù ń rí kó tó gbéra

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé ọ̀nà kan ò wọjà. Tó bá jẹ́ ọjà Oyíngbò tàbí ti Bódìjà ni wọ́n ń sọ, kò sí wàhálà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó bá gba ọ̀nà mí-ìn, kò ju kó pẹ́ díẹ̀ kó tó débẹ̀ lọ. Àmọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed tó wà n'Íkẹjà, l'Ékòó, ọ̀nà tí bàálù máa gbà gbéra kì í ṣọ̀rọ̀ eré rárá. Bí wọ́n bá yí i padà lójijì lẹ́yìn tí èrò ti jókòó, tí ilẹ̀kùn ti tì, gbogbo ìṣirò tí awakọ̀ ti ṣe sílẹ̀ ti di òfo nìyẹn, àfi kó bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti orí. Àárín ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn sì lèrò máa ń bú u jù.

Ẹ jẹ́ ká fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan nínú oṣù kẹrin ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá àgbàlagbà kan láti Mushin ti wọ bàálù Àbújá, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bímọ sí Gwarinpa, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n sì fẹ́ sọmọ lórúkọ. Ẹja gbígbẹ àti ọṣẹ dúdú wà nínú báàgì tó gbé sórí níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù jókòó tì í, fóònù ò kúrò létí ẹ̀, ó ń sọ fún ẹni tó máa wá gbé e pé àwọn ti gbéra. Lóòótọ́, wọ́n ti ti bàálù sẹ́yìn kúrò níbi tó páàkì sí, ó ti ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ. Àfi bó ṣe dúró gbagidi.

Ìṣẹ́jú kan kọjá, méjì kọjá. Ojú ọ̀run lápá ìlà-oòrùn ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni kápítéènì bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n má bínú, táwà ti yí rọ́nwéè táwọn fẹ́ lò padà, àwọn máa lo ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé káàkiri inú bàálù. Ẹnì kan lẹ́yìn ní kí ló wá le ńbẹ̀, ṣebí kó kàn yí sítíárì síbòmí-ìn ni!

"Ọmọ mi, kí ló ń ṣe wọ́n gan-an? Àbí ẹ́ńjìnnì ló kọṣẹ́ ni?" Ìyá náà ló bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bẹ́ẹ̀.

"Rárá o, Màmá. Wọ́n ní àwọn yí ọ̀nà táwọn fẹ́ gbà padà ni."

"Ọ̀nà wo ló tún wà lójú ọ̀run tí wọ́n ń yí padà?"

Ẹ̀rín pa ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Kì í ṣe tojú ọ̀run, Màmá, tilẹ̀ níbí ni. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ máa bá wọn jẹ ìkómọ lọ́la."

Ohun tí ìyá yìí béèrè ò yàtọ̀ sí ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wọ bàálù. Wọ́n rò pé bí dáńfó ṣe máa ń já gba inú àdúgbò bí Oṣòdì bá dí pa lọ̀rọ̀ náà rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kí èèyàn tó lè mọ ìdí rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ mọ bí pápákọ̀ Ìkẹjà ṣe rí.

Pápákọ̀ yìí ti pẹ́. Àsìkò ogun àgbáyé kejì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe pápá fún bàálù síbẹ̀. Ìgbà tó di ọdún 1970 ó lé díẹ̀ ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ńlá tuntun fáwọn tó ń lọ sókè òkun, wọ́n sì wo àwòṣe ti Schiphol, ìyẹn pápákọ̀ ìlú Amsterdam, nílẹ̀ Netherlands, kọ́ ọ. Lẹ́yìn táwọn ṣọ́jà kan yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed l'Ékòó lóṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ rẹ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 1979 ni wọ́n sì ṣí ilé náà. Nígbà tó yá, lọ́dún 2007, ilé àwọn tó ń rìnrìn-àjò láàárín Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní MM2 náà dóde.

Rọ́nwéè méjì ló wà nínú pápá náà. Ọ̀kan gùn, ìkejì kúrú. Èyí tó gùn tó 3,900 mítà, ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn tó ń lọ sókè òkun ló wà, ìyẹn lápá ìwọ̀-oòrùn. Èyí tó kúrú kò ju nǹkan bíi 2,740 mítà lọ, òun ló sún mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn bàálù abẹ́lé. Àwọn méjèèjì nà gbọọrọ láti àríwá sí gúúsù, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà bí ìbejì. Ẹni tó bá ń gbé Àjàó Estate tàbí Máfolúkù kò nílò kí wọ́n sọ fún un, ariwo ẹ́ńjìnnì ti sọ fún un tipẹ́.

Orúkọ wọn náà ní ìtumọ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sórí rọ́nwéè, ọ̀dọ̀ kọ́ńpáàsì ni wọ́n sì ti mú un wá. Bí bàálù bá kọjú sí gúúsù, kọ́ńpáàsì rẹ̀ máa ka 180, wọ́n á gé òdo ìkẹyìn dànù, ó di 18. Bó bá kọjú sí àríwá, ó di 360, ìyẹn 36. Torí pé méjì ni wọ́n, wọ́n á fi L sí ti ọwọ́ òsì, wọ́n á fi R sí ti ọwọ́ ọ̀tún. Bí rọ́nwéè gígùn ṣe ń jẹ́ 18R fún ẹni tó bá kọjú sí gúúsù nìyẹn, tó sì tún ń jẹ́ 36L fún ẹni tó bá ti ìdí kejì wọ̀ ọ́. Èyí tó kúrú ń jẹ́ 18L níbí, ó ń jẹ́ 36R lọ́hùn-ún. Rọ́nwéè méjì, orúkọ mẹ́rin. Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí á ti mọ̀ pé ibi tí àṣìṣe lè wọlé sí ò kéré.

Kí ló dé tí wọn ò fi mú ọ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n máa lò ó lọ? Atẹ́gùn ni o. Bàálù kì í fẹ́ kí atẹ́gùn ti òun lẹ́yìn bó bá ń gbéra, iwájú ló fẹ́ kó ti máa fẹ́ bá òun, torí atẹ́gùn tó ń wọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e sókè. Òpó ọdún l'Ékòó, inú òkun ni atẹ́gùn ti ń wá, ìyẹn láti gúúsù sápá ìwọ̀-oòrùn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gúúsù làwọn bàálù sábà máa ń kọjú sí gbéra. Àmọ́ bí ọyẹ́ bá dé lóṣù kejìlá sí oṣù kejì, atẹ́gùn máa ń wá láti ọ̀nà ilẹ̀ Hausa, kódà láti aṣálẹ̀ Sahara.

Èyí tó tún le jù ni ti òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, òjò tó máa ń ṣú dẹ̀dẹ̀ láti ìlà-oòrùn tó sì máa ń kó ìjì bọ̀ níwájú. Gbogbo ẹni tó bá ti sá aṣọ sóòrùn l'Ékòó rí ló mọ̀ ọ́n. Atẹ́gùn òkun á ti ń fẹ́ jẹ́jẹ́ láti àárọ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti yí bìrí, ó ti gba ọ̀nà òdìkejì, páànù ti ń já lórí ilé. Ọ̀pọ̀ bàálù tó ń gbé èrò, bíi Boeing 737, ni kò gbọ́dọ̀ gbéra bí atẹ́gùn tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ bá ti ń sáré ju kìlómítà 18 ó lé díẹ̀ lọ ní wákàtí kan. Àwọn tó wà ní táwà ò níṣẹ́ méjì lásìkò bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n yí rọ́nwéè padà lọ, kí ẹni tó kọjú sí gúúsù lọ kọjú sí àríwá. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí bàálù ìyá Mushin nìyẹn. Òjò náà yà sápá Ìkòròdú, àmọ́ atẹ́gùn rẹ̀ ti dé Ìkẹjà. 18R ni awakọ̀ ti ṣírò sílẹ̀, táwà sì ní 36R ló kù báyìí.

Kì í ṣe atẹ́gùn nìkan ló ń fa irú èyí n'Íkẹjà o. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ tó ṣú ló ń fà á. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí rọ́nwéè kúkúrú yẹn fi wà láìní iná. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ó parí nìyẹn, bàálù kankan ò gbọ́dọ̀ lò ó mọ́. Awakọ̀ tó ti ṣètò láti gbéra láti 18L láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bí èrò bá pẹ́, tàbí tí epo ò tètè dé, tí ilẹ̀ bá fi ṣú mọ́ ọn lọ́wọ́, àfi kó gbọ̀nà 18R lọ ní ìhà kejì pápá. Ìrìn ọ̀hún jìnnà. Bàálù Boeing 737 sì ń mu epo bíi kílò 10 sí 12 ní ìṣẹ́jú kan bó bá ń fi ẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ lásán. Àwọn iléeṣẹ́ bàálù pariwo títí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù keje ọdún 2022 ni wọ́n tó ti rọ́nwéè náà pa kí wọ́n lè ri iná sí i, ó sì di ìparí ọdún yẹn kí wọ́n tó ṣí i padà.

Ẹ wá jẹ́ ká wo inú yàrá awakọ̀, níbi tí ojú èrò ò tó. Àwọn méjì ló wà níbẹ̀, kápítéènì àti igbákejì rẹ̀. Kí èrò tó wọlé rárá ni wọ́n ti gbọ́ ìkéde nípa ojú ọjọ́ àti rọ́nwéè tí wọ́n ń lò, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bàálù, wọ́n sì ti ṣírò eré mẹ́ta kan tó ṣe pàtàkì. Àwọn òyìnbó ń pe àwọn eré náà ní V1, VR àti V2.

V1 ni eré tó jẹ́ pé kó tó pé e, bí nǹkan bá bàjẹ́, awakọ̀ ṣì lè tẹ bíréèkì, kí bàálù sì dúró kí rọ́nwéè tó tán. Bó bá ti kọjá rẹ̀, kò sí àbọ̀ mọ́, bí ẹ́ńjìnnì kan tiẹ̀ kú, ó gbọ́dọ̀ gbéra ni. VR ni eré tó máa fi gbé imú bàálù sókè. V2 ni eré tó máa jẹ́ kó lè máa gòkè lọ láìséwu bó bá tiẹ̀ ku ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Ìwọ̀n ẹrù àti èrò, ooru ọjọ́ náà, atẹ́gùn, bóyá ilẹ̀ tutù tàbí ó gbẹ, àti bí rọ́nwéè ṣe gùn tó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń dà pọ̀ kí wọ́n tó rí i. Ọ̀rọ̀ orí kọ́, ọ̀rọ̀ ìṣirò ni.

Nǹkan mí-ìn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Bàálù kì í sábà fi gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbéra. Bí rọ́nwéè bá gùn dáadáa, wọ́n máa ń ṣírò agbára tó máa tó, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa tètè gbó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ewu tó wà ńbẹ̀ bí wọ́n bá ti ṣírò agbára tó tó fún 3,900 mítà, tí wọ́n wá gbé bàálù lọ sórí èyí tí kò ju 2,740 lọ. Ó lé ní kìlómítà kan gbáko tó ti dín. Bí awakọ̀ bá gbàgbé yí nọ́ńbà náà padà, á máa sáré lọ ní tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, ìgbà tó bá fi máa rí i pé ilẹ̀ ti ń tán níwájú òun, ẹ̀pa lè má bóró mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí táwà bá ti sọ pé rọ́nwéè yí padà, awakọ̀ tó bá mọṣẹ́ kì í máa rìn lọ kó máa tẹ kọ̀ǹpútà lọ. Á wá ibi tí kò ti ní dí ẹlòmí-ìn lọ́nà, á dúró, á fa bíréèkì. Ohun tó dẹ́rù bani jù ni pé káwọn méjèèjì tẹrí ba sínú kọ̀ǹpútà, kí bàálù máa yí lọ láìsí ẹni tó ń wòta. Lẹ́yìn tó bá dúró tán, wọ́n á yọ rọ́nwéè àtijọ́ kúrò, wọ́n á fi tuntun sí i. Kápítéènì á dá ìṣirò tiẹ̀ ṣe, igbákejì náà á dá tiẹ̀ ṣe, wọ́n á wá fi wéra. Bí nọ́ńbà ò bá bára mu, wọ́n á tún un ṣe. Kò sí pé èmi lọ̀gá ńbẹ̀.

Ó tún kù. Wọ́n á wò ó bóyá àwọn irin pẹrẹsẹ tó ń yọ lẹ́yìn ìyẹ́ bàálù, èyí tí wọ́n ń pè ní flaps, wà níbi tó yẹ kó wà fún rọ́nwéè tuntun yìí. Wọ́n á wo ọ̀nà tí wọ́n máa gbà lójú ọ̀run bí wọ́n bá ti gbéra, torí ẹni tó kọjú sí àríwá kò lè gba ọ̀nà ẹni tó kọjú sí gúúsù. Wọ́n á sọ ọ́ síra wọn létí ibi tí wọ́n máa yà sí bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú. Wọ́n á wo máàpù pápá náà, wọ́n á mọ kọ̀rọ̀ tí wọ́n máa yà àti rọ́nwéè tí wọn ò gbọ́dọ̀ dá kọjá láìgba àṣẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún ìwé àyẹ̀wò wọn kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan á máa pè é, ìkejì á máa dáhùn, bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìsọdipúpọ̀.

Bí táwà bá ń kánjú pè wọ́n lásìkò yẹn pé ṣé wọ́n ti ṣetán, bóyá bàálù mí-ìn ti ń bọ̀ lẹ́yìn, ohun tó tọ́ kí kápítéènì sọ ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: a ò tíì ṣetán. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ó máa ń ṣòro sọ. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ń ka iye epo, èrò ń pòṣé, bàálù mẹ́ta ti tò sẹ́yìn, òjò tún ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó máa yìn ín pé ó dúró. Bó bá sì kánjú tí kò sí nǹkan kan tó ṣe é, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ibẹ̀ gan-an lèṣù wà.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn tó ti jìn sí kòtò yìí káàkiri àgbáyé ò kéré. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 2000, bàálù Singapore Airlines kan fẹ́ gbéra nílùú Taipei lọ sí Los Angeles. Ìjì líle ń jà, òjò ń rọ̀ gan-an. 05L ni wọ́n ní kó lò, àmọ́ ọ̀nà tó yà sí gbé e dé orí 05R tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ti tì torí pé wọ́n ń tún un ṣe. Iná aláwọ̀ ewé tó wà nílẹ̀ làwọn awakọ̀ náà tẹ̀ lé débẹ̀. Ìgbà tí eré ti wọ̀ ọ́ lára ló tó forí sọ katakata àtàwọn irinṣẹ́ tí wọ́n kó síbẹ̀. Nínú èèyàn 179 tó wà nínú rẹ̀, 83 ló kú.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Kọ́ńpáàsì ò lè gbà wọ́n, torí rọ́nwéè méjèèjì kọjú síbì kan náà ni, nọ́ńbà kan náà ló gbé jáde. Ìbejì ni wọ́n bíi ti Ìkẹjà. Bí ẹni tó yẹ kó wà lórí 36L bá ṣèèṣì bọ́ sórí 36R, ohun kan náà ni kọ́ńpáàsì rẹ̀ máa kà. Àfi kó fojú ara rẹ̀ wo lẹ́tà tí wọ́n kọ sílẹ̀, kó wo pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kó sì wo iná.

Ti Lexington, ní ìpínlẹ̀ Kentucky l'Ámẹ́ríkà, tún yàtọ̀. Kọ́ńpáàsì ì bá ti kó wọn yọ níbẹ̀, wọn ò wò ó ni. Ìdájí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2006 ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Rọ́nwéè 22 ni wọ́n ní kí bàálù Comair náà lò, ó gùn tó 2,130 mítà. Orí 26 ni wọ́n gbé e sí, èyí tí kò ju 1,070 mítà lọ, tí kò sì ní iná. Ilẹ̀ tán mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Èèyàn 50 ló wà nínú rẹ̀, 49 kú, igbákejì awakọ̀ nìkan ló yè é. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò jẹ mọ́ iṣẹ́ làwọn awakọ̀ náà ń bára wọn sọ bí wọ́n ṣe ń lọ.

Bí gbogbo irú èyí ṣe máa ń parí kọ́ nìyẹn, àwọn mí-ìn a máa rí àánú gbà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, bàálù Boeing 777 ti Qatar Airways fẹ́ kúrò ní Miami lọ sí Doha. Gbogbo gígùn rọ́nwéè 09 ni ìṣirò wọn wà fún, àmọ́ àárín ọ̀nà ni wọ́n ti wọ orí rẹ̀, wọ́n sì fi ohun tó lé ní kìlómítà kan sílẹ̀ sẹ́yìn wọn láìlò. Bàálù ńlá náà ń gbéra lọ́wọ́ ló fi ìdí gbá àwọn iná tó wà lókèèrè lẹ́yìn rọ́nwéè. Ó fò dé Doha, wọ́n balẹ̀ láyọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé abẹ́ rẹ̀ ti ya. Wọ́n ti fi ihò lára fò kọjá òkun.

Ìkẹjà gan-an ní ti ẹ̀, kò sì tíì kúrò lọ́kàn àwọn ará ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni, nígbà tí bàálù kékeré kan gbé òkú gómìnà wọn tẹ́lẹ̀, Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágù, láti Èkó lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Èèyàn 20 ló wà nínú rẹ̀. Kò tíì fò dé ibì kankan tó fi já lulẹ̀ nítòsí pápákọ̀ náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá a lọ. Ìyẹn kì í ṣọ̀rọ̀ pé wọ́n yí rọ́nwéè padà o. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí sọ pé látìgbà tí wọ́n ti gbé agbára sí ẹ́ńjìnnì ni ohùn ìkìlọ̀ ti ń dún nínú yàrá awakọ̀ nípa flaps, tí wọ́n sì ń sáré lọ. Ẹ̀kọ́ kan náà ni. Bí nǹkan kan bá ń sọ fún èèyàn pé ètò ò tíì pé, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró gbọ́ ọ, wọn kì í gbé e dé òkè.

Ní ti bàálù ìyá Mushin, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló fi dúró síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń kùn, àwọn ọmọge inú bàálù ń lọ wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bẹ àwọn èrò. Ẹni tó pariwo lẹ́yìn níjẹ̀ẹ́rin ti sùn. Nígbà tó yá, bàálù náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó yà sí kọ̀rọ̀ kan, ó yà sí òmíràn, ó dúró níwájú iná pupa tó tò sílẹ̀, ó gba àṣẹ, ó wọlé. Ní yàrá iwájú, àwọn méjèèjì wo nọ́ńbà funfun tó wà nílẹ̀, ọ̀kan kà á sókè, ìkejì wo kọ́ńpáàsì, òun náà kà á. 36R. Ó bára mu.

Nígbà náà ló tó sáré. Ìyá náà di ọwọ́ àga mú, ó ń gba àdúrà sínú. Táyà kúrò nílẹ̀ nígbà tí rọ́nwéè ṣì kù dáadáa níwájú, òrùlé ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kéré lábẹ́ wọn, iná mọ́tò lójú títì dà bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mí kanlẹ̀.

"Wọ́n ti wá rí ọ̀nà náà?" Ìyá ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ti rí i, Màmá."

"Ọlọ́run ṣeun. Ẹni tó ń wá ọ̀nà kó tó gbéra, ó sàn ju ẹni tó gbéra tán tó ń wá ọ̀nà lọ."

Àdúrà tí Yorùbá máa ń gbà ni pé ká má rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Àdúrà ọ̀hún dáa, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dákẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó wà níwájú bàálù náà ní iṣẹ́ tiwọn láti ṣe sí i, ó sì lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá nígbà mí-ìn. Bí bàálù bá dúró gbagidi lójú ọ̀nà n'Íkẹjà lọ́jọ́ kan, tí kápítéènì sì ní wọ́n yí rọ́nwéè padà, kí èrò má wulẹ̀ pòṣé. Kí wọ́n jẹ́ kó ka nọ́ńbà rẹ̀ pé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.